Ìròyìn àti ètò ọdún fún àwa òǹtàwé aládàádúró: èwo lẹ̀ ń tẹ̀lé, èwo lẹ̀ ń jẹ́ kó kọjá?

PẹpẹÒkè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń rú mi lójú. Ṣọ́ọ̀bù ìwé kékeré ni mo ní, kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn mi, èmi àti ẹnì kan péré la jọ ń dúró tì í. Ìròyìn tó ń wọlé sínú ímeèlì mi lójúmọ́ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Atẹ̀wéjáde ń kọ̀wé, alágbàtà ń kọ̀wé, ẹgbẹ́ òǹtàwé ń kọ̀wé, àwọn tó ń ṣe ìpàtẹ ìwé náà ò jẹ́ n sinmi. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, oníbàárà ló máa ń sọ fún mi pé ìwé báyìí gba àmì-ẹ̀yẹ lánàá, tàbí pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣọjọ́ àwọn ilé ìtàwé aládàádúró. Kí n tó kàn sí alágbàtà, ìwé ti tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ìròyìn wo lẹ̀ ń kà ní tòótọ́? Nínú àwọn ètò ọdún, èwo ló yẹ kí ẹni bíi tèmi múra fún, èwo ni owó ọkọ̀ lásán? Oṣù mélòó ṣáájú lẹ sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra?

Ìyá Oníwèé

Àbúrò, o ò dá wà. Ọ̀nà méjì ni kó o pín in sí. Ètò kan wà tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù rẹ lo ti máa ṣe é. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìwọ lo máa rìn lọ bá a. Ti àkọ́kọ́ ló ń mówó wọlé, òun ni kó o kọ́kọ́ kọ sínú kàlẹ́ńdà.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ni Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé. UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, ló yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 1995, kì í sì í yí padà. Ní Catalonia, ní ilẹ̀ Spain, níbi tí àṣà ọjọ́ yẹn ti ṣẹ̀, ìwé àti òdòdó róòsì ni wọ́n fi ń ta ara wọn lọ́rẹ, àwọn òǹtàwé á kó àtẹ jáde sí ìgboro. Lẹ́yìn ìyẹn ni Independent Bookstore Day, ọjọ́ àwọn ilé ìtàwé aládàádúró ti Amẹ́ríkà, Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹrin. California nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, nígbà tó di 2015 gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti gbà á. Àwọn ará Canada ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Britain àti Ireland ní Independent Bookshop Week nínú oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn ará Jámánì náà ní ọ̀sẹ̀ tiwọn.

Ibi tó o bá wà, wo èyí tó sún mọ́ ọ. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, mú ọ̀kan kó o ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa mú ọ.

Agbẹjọ́rò Pẹpẹ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú, "kò sẹ́ni tó máa mú ọ" yẹn ò dá mi lójú. Àwọn ẹgbẹ́ tó ni ọjọ́ wọ̀nyí ní àmì àti àwòrán tiwọn, àwọn ọjà kan sì wà tí wọ́n ń ṣe fún ọjọ́ náà nìkan, ṣọ́ọ̀bù tó forúkọ sílẹ̀ ló ń rí wọn gbà. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ tó wá lẹ àwòrán wọn mọ́ gíláàsì ń wá wàhálà. Ti 23 oṣù Kẹrin ni gbogbo ayé ní, ẹ lo ìyẹn bó ṣe wù yín.

Ìyá Oníwèé

O ṣeun, ọmọ mi. Ọjọ́ ni mo ní kó mú, n ò ní kó mú àwòrán wọn. Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ, kó pe ayẹyẹ rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀.

AjéWọlé

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé yẹn, ẹ jẹ́ n fi kan kún un, torí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ní Britain àti Ireland, kì í ṣe oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ni, nítorí ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin máa ń bọ́ sí àsìkò tí àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi Àjíǹde. Orí àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé e kà, wọ́n ń fún wọn ní tókìn tí wọ́n fi ń gba ìwé. Nítorí náà, bí alágbàtà rẹ bá ń kó ọjà láti Britain, tó wá kọ̀wé sí ọ nínú oṣù Kejìlá pé kó o tètè béèrè fún ti "World Book Day", oṣù Kẹta ló ń wí. Ẹni tó bá ń dúró de oṣù Kẹrin, ìwé ọmọdé tó ń wá ti lè bá ibòmíràn lọ.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ọjọ́ 23 yẹn ni òǹkọ̀wé ńlá méjì, Shakespeare ti England àti Cervantes ti Spain, jọ kú lọ́dún 1616. Kàlẹ́ńdà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Spain àti England ń lò nígbà náà, ọjọ́ mẹ́wàá ló wà láàárín méjèèjì. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó ìta, rántí pé oníbàárà kan á wà tó mọ̀.

Bàbá Kátálọ́ọ̀gì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìròyìn, torí ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Èmi ò kà ju oríṣi mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni ìyípadà ọjọ́ ìjáde: ìwé tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lóṣù yìí tí wọ́n wá sún síwájú. Ìkejì ni ìròyìn àwọn alágbàtà fúnra wọn, ta ló ń tọ́jú ìwé ta báyìí, ta ló ń kógbá sílé. Ìkẹta ni àmì-ẹ̀yẹ. Ìyókù, ẹni tó gba iṣẹ́ tuntun ní ilé iṣẹ́ wo, iye tí wọ́n fi ra ìwé tí kò tíì jáde, àwọn atẹ̀wéjáde ló ń kọ ìyẹn fún ara wọn. Kò kan pẹpẹ mi.

Lórí àmì-ẹ̀yẹ, ẹ jẹ́ kó yé wa pé wọn ò rí bákan náà. Ti Nobel fún lítíréṣọ̀, Ọjọ́bọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń kéde rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà kì í sì í tú orúkọ àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò síta. 50 ọdún ni wọ́n fi ń pa á mọ́. O ò lè ra ọjà sílẹ̀ dè é, àfi kó o máa ta tẹ́tẹ́. Nígbà tí wọ́n pe òǹkọ̀wé Abdulrazak Gurnah lọ́dún 2021, ìwé rẹ̀ ò pọ̀ nílẹ̀, ó di kí wọ́n tún wọn tẹ̀ kí ó tó kárí. Ohun tí mo ń ṣe lọ́jọ́ yẹn ni pé mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan sórí tábìlì: ẹni tó bá fẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀, yóò san díẹ̀ sílẹ̀, iye àwọn tó kọ orúkọ ni mo fi ń béèrè lọ́wọ́ alágbàtà. Ẹni tó bá tètè béèrè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún nígbà tí àtúntẹ̀ bá dé.

Booker, àmì-ẹ̀yẹ ìtàn àròsọ ti Britain, yàtọ̀. Àtòjọ àkọ́kọ́, ìwé 12 tàbí 13, máa ń jáde ní nǹkan bí ìparí oṣù Keje. Wọ́n á ré e sí 6, kí wọ́n tó wá kéde ẹni tó gbà á kí ọdún tó parí. Oṣù gbọọrọ lo ní. Nígbà àtòjọ àkọ́kọ́, ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ku 6, fi kún un. Irú òǹkàwé kan wà tó máa ń fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó kéde, òun ló máa ra ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn.

Ọmọ Kékeré Inú Ìwé

Bàbá, ẹ má bínú o, ní tèmi owó tó ń sùn ni ẹyọ 13 yẹn. Ìwé líle ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì wọ́n. Mo ń dúró de 6 ni. Àwọn oníbàárà mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé àtòjọ àkọ́kọ́ wà.

Bàbá Kátálọ́ọ̀gì

Ó dá lórí àwọn tó ń wọlé sí ọ, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ alágbàtà rẹ bóyá ó ń gbà á padà, títí di oṣù wo. Bó bá ń gbà á padà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, owó ò sùn, ó kàn rẹjú ni. Bí kì í bá gbà á padà, ọ̀nà tìrẹ ló dára jù.

Arìnrìnàjò Ìwé

Ẹnu mi ti ń yún mi láti ìgbà tó ti béèrè owó ọkọ̀. Ìpàtẹ ìwé Frankfurt ní Jámánì, oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún, òun ló tóbi jù láyé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ọjà ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ju ìwé lọ: ẹ̀tọ́ láti túmọ̀ ìwé, ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn tó jókòó sí tábìlì yẹn ti fi oṣù púpọ̀ ṣètò ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí ni. Òǹtàwé tó kàn dé bẹ́ẹ̀ á máa wo àtẹ kiri ni, ẹsẹ̀ á sì máa ro ó. London, nínú oṣù Kẹta, bákan náà. Bologna, ní Italy, ní tirẹ̀ jẹ́ ti ìwé ọmọdé, ojú àwọn tó ń ya àwòrán sínú ìwé sì máa ń kún ibẹ̀. Bí ìwé ọmọdé bá jẹ́ ìdajì ọjà rẹ, ó lè tọ́ sí ọ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tó yẹ kí òǹtàwé lọ ni ibi tí òǹtàwé ti ń bá òǹtàwé sọ̀rọ̀. American Booksellers Association, ẹgbẹ́ òǹtàwé Amẹ́ríkà, ní àpérò kan tó ń jẹ́ Winter Institute, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jíròrò owó ṣọ́ọ̀bù, olè, owó oṣù òṣìṣẹ́, bí a ṣe ń ka ọjà. Àwọn atẹ̀wéjáde á tún kó ẹ̀dà ìṣáájú ìwé tó ń bọ̀ wá, ìwọ á kà á kí gbogbo ayé tó rí i. Ẹ̀bùn owó ìrìnàjò wà fún àwọn tí agbára wọn ò gbé e. Ní ti Europe, European and International Booksellers Federation, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òǹtàwé tó wà ní Brussels, ní ètò kan tó ń jẹ́ RISE: wọ́n ń ṣe àpérò ọdọọdún (Prague ni 2023, Lisbon ni 2024, Riga ni 2025), wọ́n sì ń rán òǹtàwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ní ilẹ̀ mìíràn láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ ka ìlànà ẹni tó lè béèrè dáadáa kí ẹ tó kọ̀wé.

Ìyá Oníwèé

Frankfurt tó o bú yẹn, mo ti lọ, mo sì jèrè. Àwọn atẹ̀wéjáde kéékèèké tí alágbàtà mi ò mọ̀ rárá ni mo wá lọ, mo sì bá wọn dá májẹ̀mú láti máa rà tààrà. Nígbà tí ìpàtẹ bá sì ń lọ sópin, tí wọ́n ti ṣí i fún gbogbo ènìyàn, o máa rí ohun tí àwọn tó ń kàwé ń dúró sí iwájú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dúró sí iwájú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ gàdàgbà mọ́ ògiri.

Arìnrìnàjò Ìwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti mọ ẹni tí ẹ ń wá kí ẹ tó lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè èwo ló yẹ kí òun lọ, Frankfurt kọ́ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ilé Ìkẹ́rù

Bàbá Kátálọ́ọ̀gì mẹ́nu kan ìròyìn alágbàtà, wọ́n sì fò ó kọjá. Ìyẹn gan-an ló lè pa ṣọ́ọ̀bù lára jù. Small Press Distribution, tó ti wà ní California láti 1969, tó ń pín ìwé ọgọ́rọ̀ọ̀rún atẹ̀wéjáde kéékèèké, ṣàdédé tilẹ̀kùn ní ìparí oṣù Kẹta 2024. Owó àwọn atẹ̀wéjáde há síbẹ̀, ìwé wọn wà nínú ilé ìkẹ́rù ẹlòmíràn, àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ò mọ ẹni tí a ó kọ̀wé sí. Baker & Taylor náà, alágbàtà ńlá ní Amẹ́ríkà, kéde nínú oṣù Kẹwàá 2025 pé àwọn ń kógbá sílé. Gbogbo ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn fún ṣọ́ọ̀bù ti há.

Akọ̀wé Ilé Ìkàwé

Àtúnṣe díẹ̀: Baker & Taylor ti fi títà fún ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láti 2019. Àwa ilé ìkàwé ni wọ́n ń tà fún, àwa ni ìyà jẹ. Ibi tó kan ẹ̀yin ni pé àwọn ilé ìkàwé kan ń wá ẹni tí wọ́n ó máa ra ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù aládàádúró tó lè mú ìwé wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó tó péye, tó sì lè fara da kí owó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un. Kí ó lọ kí ilé ìkàwé tó sún mọ́ ọn.

Ilé Ìkẹ́rù

Mo gbà, ẹ ṣé. Ohun tí mo fẹ́ kí PẹpẹÒkè mú níbẹ̀ ni pé kó má fi owó púpọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà kan. Ìwé tó o dá padà, tí wọ́n ní àwọn ó fi dí ọjà mìíràn, owó rẹ ni. Bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, o di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jẹ lówó tó tò sẹ́yìn. Mo máa ń lò ó tán kí ìdá mẹ́rin ọdún tó parí. Mo sì ní orúkọ alágbàtà kejì sílẹ̀ fún atẹ̀wéjáde kọ̀ọ̀kan tó ń mówó wọlé fún mi.

Ọmọ Kékeré Inú Ìwé

Ẹ jẹ́ n dáhùn "oṣù mélòó ṣáájú", torí kò tíì sí ẹni tó dáhùn ún. Bí ó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà bí atẹ̀wéjáde ńlá bá wà lẹ́yìn rẹ̀, torí wọ́n ti ń to ìrìnàjò rẹ̀ kí ìwé tó jáde. Òǹkọ̀wé àdúgbò, oṣù kan ààbọ̀ tó. Béèrè ọjọ́ ìjáde gan-an: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Amẹ́ríkà máa ń gbé ìwé tuntun jáde, Ọjọ́bọ̀ ni ti Britain. Bí wọ́n bá ní kó o má tà á kó tó di ọjọ́ náà, páálí yẹn kò gbọdọ̀ ṣí lójú oníbàárà, ì báà ṣe àná ọjọ́ ìjáde. Ẹni tó bá rú òfin yẹn, wọ́n lè má fi èyí tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí i lásìkò mọ́.

Iye ìwé tó yẹ kó o rà kò tó iye àwọn tó sọ pé àwọn ń bọ̀. Ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí èrò wá. Àwọn tó rà á pọ̀ ju àwọn tó kàn jókòó lọ bí òǹkọ̀wé bá mọ̀ ọ́n sọ.

AjéWọlé

N ò fara mọ́ ti ọ̀fẹ́ yẹn. Ohun ọ̀fẹ́ rọrùn láti pa tì bí òjò bá ṣú. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ìwé wà nínú rẹ̀ ni mo ń tà: ẹni tó bá san owó ìwé ti san owó ìjókòó. Mo mọ iye tí mo máa béèrè, mo mọ iye àga. Ọ̀fẹ́ dára fún ìwé ọmọdé àti fún ewì nìkan, torí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òbí tó mú ọmọ wá kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo, àwọn tó ń gbọ́ ewì sì máa ń ra ìwé mìíràn.

Ọmọ Kékeré Inú Ìwé

Ó dáa fún òǹkọ̀wé tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé àkọ́kọ́, ta ló máa san owó ṣáájú fún un?

Bàbá Kátálọ́ọ̀gì

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ èyí ná: ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé bá ti buwọ́ lù, ẹ béèrè bóyá alágbàtà á gbà á padà kí wọ́n tó ṣí páálí. Ọ̀pọ̀ ni kì í gbà á. Má jẹ́ kó buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ torí inú rẹ̀ dùn. Èyí tí ènìyàn rà àti díẹ̀ fún àtẹ, ó tó.

Agbẹjọ́rò Pẹpẹ

Oríṣi ìròyìn kẹrin wà tí ẹ ò kà sí, òfin iye ìwé. Láti 1981 ni òfin ti wà ní France pé kò sẹ́ni tó lè yọ ju ìdá 5 nínú 100 kúrò lórí iye tí atẹ̀wéjáde fi lé ìwé tuntun, ṣọ́ọ̀bù kékeré àti ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ ń tà á ní iye kan náà. Jámánì náà ní irú rẹ̀. Ní Britain wọ́n ní àdéhùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fọ́ ní àárín àwọn ọdún 1990, ilé ẹjọ́ sì fagi lé e lọ́dún 1997. Ibi tí kò bá sí irú òfin yìí, má bá ẹni ńlá já iye. Àwọn oníbàárà tó ń wá iye tó kéré jù ò wá sọ́dọ̀ rẹ tẹ́lẹ̀. Bí ìjọba ibi tó o wà bá ń jíròrò irú òfin bẹ́ẹ̀, ìròyìn yẹn kàn ọ́ ju Nobel lọ.

Arìnrìnàjò Ìwé

Ti íntánẹ́ẹ̀tì náà, fún àwọn tó bá wà ní Amẹ́ríkà tàbí Britain: Bookshop.org, ìkànnì tó ń tàwé fún àwọn ṣọ́ọ̀bù aládàádúró, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, ó dé Britain ní ìparí ọdún kan náà. Wọ́n ń bá ọ fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n sì ń san ìpín fún ṣọ́ọ̀bù rẹ, o ò ní kó ọjà pamọ́. Ní 2025 wọ́n fi ìwé orí ẹ̀rọ kún un ní Amẹ́ríkà. Èrè rẹ̀ kéré ju ti ẹni tó wọlé wá rà lọ, ṣùgbọ́n bí ìwé bá tán lórí pẹpẹ rẹ lọ́jọ́ àmì-ẹ̀yẹ, o ṣì lè dá oníbàárà lóhùn.

PẹpẹÒkè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ti Bàbá Kátálọ́ọ̀gì. Mo ti yọ ara mi kúrò lára ímeèlì àwọn tó ń sọ̀rọ̀ owó ẹ̀tọ́. Ilé ìkàwé tó sún mọ́ mi, màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀fẹ́, ẹ ò tíì parí ìjà yín, màá dán méjèèjì wò.

Ó ku kan: òǹkọ̀wé tó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé, tó fẹ́ kó tirẹ̀ wá fún ayẹyẹ 23 oṣù Kẹrin, tí kò sì ní alágbàtà. Ṣé kí n rà á tàbí kí n bá a tà?

Ìyá Oníwèé

Bá a tà. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye ẹ̀dà tó kó wá, ìpín tìrẹ nínú 100, ọjọ́ tó máa gba owó rẹ̀, ọjọ́ tó máa wá kó èyí tó kù, àti ẹni tó ni ẹ̀bi bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́ tàbí bó bá sọnù. Kí ó fọwọ́ sí i, kí ìwọ náà fọwọ́ sí i. Wo ẹ̀yìn ìwé náà bóyá ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, wà níbẹ̀, torí ẹ̀rọ tó o fi ń ka ọjà kò ní dá a mọ̀ láìsí i.

Ilé Ìkẹ́rù

Kó fi nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn kún tirẹ̀ lórí ìwé náà o. Ìwé òǹkọ̀wé tí a ò rí mọ́ ló kún iyàrá ẹ̀yìn mi.